Dídín Oògùn Ọpọlọ Kù Kì Í Ṣe Iṣẹ́ Àdáṣe

Ní Ìbàdàn tí mo ti ń gbé láti kékeré, bí ẹnìkan bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oògùn ọpọlọ, ìyá rẹ̀ yóò tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò tẹ̀ lé e, nígbà mìíràn ìyàwó pásítọ̀ pàápàá yóò wà níbẹ̀, gbogbo wọn yóò sì jọ jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú yàrá dókítà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹni náà bá pinnu pé òun kò lo oògùn mọ́, òun nìkan ni yóò dá a ṣe, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti rí i nínú ẹbí wa, mo ti rí i láàárín àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ ń dúró de dókítà. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ: dídá oògùn ọpọlọ dúró jẹ́ ìtọ́jú fúnra rẹ̀, ó ní ìwọ̀n, ó ní àkókò, ó sì ní àwọn tí ó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ aláìsàn nígbà tí ó bá ń lọ lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí bíbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti ní.

Èmi náà ti lo oògùn ọpọlọ. Lẹ́yìn tí mo bí ọmọ mi kejì ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn dé bá mi, irú èyí tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rí oorun sùn bí ọmọ tilẹ̀ ti sùn, tí oúnjẹ kì í sì í dùn lẹ́nu. Sertraline ni wọ́n kọ fún mi ní ilé ìwòsàn, ó sì ràn mí lọ́wọ́ gidigidi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí wọ́n ń gbé ní Òkè-Àdó, ń lo olanzapine ní tiwọn, nítorí àìsàn tí ó máa ń mú kí wọ́n gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, kí wọ́n sì máa fura sí gbogbo ènìyàn. Àwa méjèèjì fẹ́ fi oògùn sílẹ̀ ní àsìkò tí kò jìnnà síra, ibi tí a sì gúnlẹ̀ sí yàtọ̀.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó ń mú kí àwọn ènìyàn já oògùn sílẹ̀ láìsọ. Owó wà níwájú. Láti ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀ gan-an, oògùn tí a ń kó wọlé láti òkè òkun ti wọ́n kọjá agbára ọ̀pọ̀ ẹbí, aláìsàn tí ó yẹ kí ó lo odindi hóró lójoojúmọ́ a sì máa lo ààbọ̀, tàbí kí ó máa fo ọjọ́, títí owó oṣù yóò fi wọlé. Dídín oògùn kù nìyẹn náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó ṣètò rẹ̀. Olanzapine a máa mú kí ènìyàn sanra ju bí ó ti fẹ́ lọ. Sertraline àti àwọn ẹbí rẹ̀ a máa dín ìfẹ́ ìbálòpọ̀ kù, ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà kò rọrùn fún láti sọ níwájú dókítà tí ó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀. Ọmọbìnrin tí ìgbéyàwó rẹ̀ ti súnmọ́ kì í fẹ́ kí àwọn àna rí káàdì ilé ìwòsàn nínú báàgì òun. Aboyún a máa bẹ̀rù nítorí ọmọ inú rẹ̀. Àwọn mìíràn sì wà tí ara wọn ti yá, tí wọn kò rí ìdí tí wọn yóò fi máa gbé oògùn mì láràárọ̀. N kò rí èyí tí ó jẹ́ ìwà òmùgọ̀ nínú gbogbo wọn. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé kò sí ọ̀kan tí dókítà kò lè ṣe nǹkan sí bí ó bá gbọ́: ó lè pààrọ̀ oògùn sí èyí tí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ó lè dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, ó lè bá aboyún wo èyí tí ewu rẹ̀ kéré jù. Bí kò bá gbọ́, ìgbà tí ọ̀ràn bá ti bàjẹ́ ni wọn yóò tó gbé aláìsàn náà wá bá a.

Nígbà tí mo sọ fún dókítà mi pé mo fẹ́ dáwọ́ oògùn dúró, mo rò pé wọn yóò bá mi jiyàn. Wọ́n kàn bi mí pé, "Màmá, kí ló dé tó fi jẹ́ àsìkò yìí?" wọ́n sì gbọ́ ìdáhùn mi tán kí wọ́n tó kọ ohunkóhun sílẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé pé ìmọ̀ràn tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mú máa lo oògùn fún oṣù 6, ó kéré tán, lẹ́yìn tí ara rẹ̀ bá ti yá, kí ẹni tí àìsàn náà bá ti máa ń padà wá bá sì lò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè tó ọdún 2. Ti èmi ti kọjá oṣù 6 dáadáa. Wọ́n wá béèrè bóyá ìyípadà ńlá kan ń bọ̀ nínú ilé: bóyá a fẹ́ kó ilé, bóyá a ní òkú àgbà tí a fẹ́ sin, bóyá mo ní ìdánwò ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Àsìkò ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kù sí dẹ̀dẹ̀, a sì fohùn ṣọ̀kan pé kí a dúró kí ó kọjá. Mo fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀, nítorí pé títí di ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó bá mi sọ̀rọ̀ nípa oògùn mi bí ẹni pé iṣẹ́ àti ilé mi wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni àlàyé tí wọ́n ṣe lórí ìwọ̀n oògùn àti agbára rẹ̀ nínú ọpọlọ. Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé bí a bá dá hóró oògùn sí méjì, a ti dá agbára rẹ̀ sí méjì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn oògùn bíi sertraline àti citalopram ń ṣiṣẹ́ nípa dídí àwọn ojú ọ̀nà kéékèèké kan nínú ọpọlọ, èyí tí èròjà tí wọ́n ń pè ní serotonin máa ń gbà padà sí ibi tí ó ti jáde. Ní ọdún 2019, Mark Horowitz àti David Taylor gbé iṣẹ́ kan jáde nínú Lancet Psychiatry, ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn ọpọlọ, níbi tí wọ́n ti fi ohun tí àwòrán ọpọlọ àwọn tí ń lo oògùn fi hàn ṣàlàyé ọ̀ràn yìí. Horowitz fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà ọpọlọ tí ó ti lo irú oògùn bẹ́ẹ̀, tí ó sì ṣòro fún un gan-an láti fi í sílẹ̀. Citalopram mílígíráàmù 20 ń dí nǹkan bí 80 nínú 100 àwọn ojú ọ̀nà náà. Bí a bá dín in kù sí nǹkan bí mílígíráàmù 9, a lè rò pé yóò bọ́ sí 40 tàbí kí ó dín díẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan bí 70 ni yóò ṣì wà ní dídí. Ní mílígíráàmù 5 àti díẹ̀, ó ṣì tó 60. Ó di mílígíráàmù 2.3 kí ó tó bọ́ sí 40, kí ó sì tó di 10, ìwọ̀n oògùn náà kò tó ààbọ̀ mílígíráàmù kan mọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ wo àwọn òǹkà wọ̀nyí, nítorí pé inú wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Ẹni tí ó bá ti orí 20 bọ́ sí 10 ti já nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ti orí 5 fò sí òfo, tí ó rò pé ohun kékeré ló kù, ti já nǹkan bí ọgọ́ta sílẹ̀ lóòjọ́. Ó dà bí òkè tí orí rẹ̀ tẹ́jú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró ṣánṣán bí ògiri. Ìdí nìyí tí a fi máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn pé, "Ààbọ̀ hóró kò ṣe mí ní nǹkan kan, ìgbà tí mo wá fi í sílẹ̀ pátápátá ni gbogbo nǹkan dàrú," tí wọn yóò sì gbà láti ìgbà náà lọ pé àwọn kò lè wà láàyè láìsí oògùn. Bóyá wọ́n lè wà láìsí i, bóyá wọn kò lè wà, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wọn kò tíì dáhùn ìbéèrè náà. Bí ìwọ̀n oògùn bá ti ń kéré sí i ni ó yẹ kí ohun tí a ń yọ kúrò nínú rẹ̀ máa kéré sí i, kí ìpele tí ó kẹ́yìn jẹ́ èyí tí ó kéré jù lọ.

Láti sọ èyí rọrùn ju láti ṣe é lọ. N kò rí sertraline olómi rà ní gbogbo ibi tí mo wá a dé ní Ìbàdàn, hóró tí a ń tà kò sì kéré tó láti fi ṣe àwọn ìpele ìkẹ́yìn náà. Apòògùn kan ní Bódìjà ló yanjú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ọ̀bẹ ìgé-oògùn gé hóró náà sí méjì, lẹ́yìn náà sí mẹ́rin. Nígbà tí ó kù díẹ̀, wọ́n tẹ̀ lé ohun tí dókítà kọ, wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n pò ó mọ́ omi tí wọ́n fi ń ṣe oògùn olómi, wọ́n kọ ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ kọjá sí ara ìgò, wọ́n sì kọ́ mi bí n óò ṣe máa mì ín kí n tó fi sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ fa ìwọ̀n tí mo nílò. Ẹ má ṣe lọ oògùn fúnra yín nílé. Àwọn hóró kan àti kápúsù kan wà tí wọ́n ṣe kí oògùn inú wọn lè máa jáde díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, bí ẹ bá sì fọ́ wọn, gbogbo rẹ̀ ni yóò dà sínú ara lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìmọ̀ràn kan tún wà tí mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀, títí kan àwọn òṣìṣẹ́ ìlera: kí ènìyàn máa lo oògùn lónìí, kí ó má lò ó lọ́la. Dókítà mi kò gbà á fún irú oògùn tí mo ń lò. Nǹkan bí ọjọ́ kan ni ìdajì sertraline fi ń kúrò nínú ara, ti paroxetine àti venlafaxine, tí àwọn náà jẹ́ oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì, tilẹ̀ máa ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fífo ọjọ́ á máa gbé ọpọlọ lọ sókè sódò ni, kì í mú un sọ̀kalẹ̀. Fluoxetine nìkan ni ó máa ń pẹ́ nínú ara, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èyí ni kò fi ṣòro fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti fi í sílẹ̀ bí àwọn yòókù.

Kò sí ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi pé ó gbọ́dọ̀ parí. Bí a bá yọ díẹ̀, a ó dúró títí ara yóò fi rọlẹ̀, kí a tó yọ òmíràn. Bí ó bá le jù, a ó padà sí ìwọ̀n tí ó ṣáájú, a ó dúró níbẹ̀ pẹ́ díẹ̀ sí i. Ó le jù lẹ́ẹ̀kan lóòótọ́. Bí mo bá yí ọrùn, ojú mi a máa ṣú, ohun kan a sì máa ta gìrì nínú orí mi bí ìgbà tí iná mànàmáná bá ta ni lọ́wọ́. Àlá tí mo ń lá lóru kò mọ́gbọ́n wá. Mo ń sunkún nítorí ọbẹ̀ tí ó jóná. Ọkọ mi ti múra láti gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn, ó ní àìsàn náà ti padà.

Ìyàtọ̀ àárín àìsàn tí ó padà àti ara tí ń ṣàfẹ́rí oògùn ni ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé tí aláìsàn ọpọlọ wà mọ̀. Èyí tí ó jẹ́ ti ìfisílẹ̀ oògùn máa ń yá dé, láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ìgbà tí a yọ lára rẹ̀. Ó máa ń mú ohun tí kò sí nínú àìsàn ti tẹ́lẹ̀ wá, bíi òòyì, èébì tàbí títa inú orí yẹn. Bí a bá sì dá oògùn padà sí ìwọ̀n ti tẹ́lẹ̀, kì í pẹ́ lọ. Àìsàn tí ń padà bọ̀ a máa rọra wọlé, láàárín ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, pẹ̀lú ojú kan náà tí a fi mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀: ti èmi ni àìsùn, ìdákẹ́jẹ́ àti pé ọmọ mi kò wù mí gbé. Wọn kì í fìgbà gbogbo yàtọ̀ kedere, nítorí náà ni dókítà ṣe ní kí ọkọ mi máa kọ ohun tí ó bá rí sínú ìwé kékeré kan, kí èmi náà máa kọ tèmi, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má sì wo ti ẹnìkejì kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìwé méjèèjì yẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè sọ fún wa pé oògùn tí mo ń fi sílẹ̀ ni ó fa òòyì àti ẹkún náà, àti pé kí a padà sẹ́yìn díẹ̀.

Àwọn kan ń sọ pé ìṣòro yìí kò sí, àwọn mìíràn sì ń dẹ́rù bani pé kò sí ẹni tí yóò yọ nínú rẹ̀. Àgbéyẹ̀wò ńlá kan tí àwọn onímọ̀ ará Jámánì gbé jáde ní ọdún 2024 fi hàn pé nǹkan bí 31 nínú 100 àwọn tí ó dá oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì dúró ní àmì kan tàbí òmíràn, ṣùgbọ́n nǹkan bí 17 nínú 100 àwọn tí wọ́n ń fún ní oògùn asán, ìyẹn hóró tí kò ní oògùn kankan nínú, náà ní i nígbà tí wọ́n dáwọ́ dúró. Èyí tí ó le gan-an jẹ́ nǹkan bí ẹnìkan nínú 35. Lójú tèmi, ìyẹn tó láti múra sílẹ̀ fún, kò sì tó láti sọ ènìyàn di ẹrú ìbẹ̀rù.

Ṣùgbọ́n pé a fi oògùn sílẹ̀ ní ìrọ̀rùn kò sọ pé àìsàn kò ní padà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣe ìwádìí kan tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2021, pẹ̀lú ènìyàn 478 tí wọ́n ti ń lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì pẹ́, tí ara wọn sì ti yá tó láti ronú àtifi í sílẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ 52, àìsàn padà sí ara 56 nínú 100 àwọn tí ó fi í sílẹ̀, ó sì padà sí ara 39 nínú 100 àwọn tí kò fi í sílẹ̀. Dókítà mi ka òǹkà méjèèjì fún mi láìfi ọ̀kan pamọ́, wọ́n ní kí n lọ bá ọkọ mi sọ ọ́ kí n tó dáhùn. Mo pinnu láti tẹ̀ síwájú, nítorí pé mo mọ àwọn tí yóò kíyè sí mi bí mo bá ń rì.

Ti ẹ̀gbọ́n mi yàtọ̀. Àwọn náà sọ ohun tí ó ń dùn wọ́n fún dókítà wọn: ara tí ó ń pọ̀ sí i, ìfúnpa tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ga, oorun àárọ̀ tí kì í jẹ́ kí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù lásìkò. Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní RADAR, tí ó jáde ní ọdún 2023, tẹ̀ lé irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ fún ọdún 2 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú àwọn tí wọ́n ń dín oògùn wọn kù díẹ̀díẹ̀, àìsàn tí ó le padà sí ara 25 nínú 100; nínú àwọn tí wọ́n ń lo tiwọn lọ, 13 ni. Bí wọ́n ṣe ń bá ẹgbẹ́ àti ọ̀gbà ṣe pọ̀ kò sì yàtọ̀ síra ní ìparí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rántí ìgbà tí wọ́n sá kúrò nílé tí a fi wá wọn káàkiri. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí ó tún ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ àwọn. Dókítà dín olanzapine náà kù díẹ̀, wọ́n dúró níbẹ̀, wọ́n fi oúnjẹ àti ìrìn ẹsẹ̀ kún un, ara wọn sì fúyẹ́ díẹ̀. Mo ka ìyẹn sí àṣeyọrí bí tèmi.

Oògùn oorun àti oògùn ìfọ̀kànbalẹ̀ ni kí n fi ìkìlọ̀ líle sọ̀rọ̀ lé lórí, ìyẹn diazepam, bromazepam àti irú wọn, tí àwọn kẹ́mísì kan ń tà fún ẹnikẹ́ni láìbéèrè ìwé dókítà. Ẹni tí ó bá ti ń lò wọ́n pẹ́, tí ó sì já wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gìrì lè mú un bí ẹni tí ó ní wárápá, ó sì lè kú. Ìlànà tí àwọn ẹgbẹ́ oníṣègùn gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2025 ní kí dókítà bẹ̀rẹ̀ láti yíyọ 5 sí 10 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4.

Ọ̀rọ̀ ilé àdúrà kò ṣeé fò. Mo jẹ́ onígbàgbọ́, mo sì gbà pé Ọlọ́run ń wo ènìyàn sàn. N kò gbà pé ẹni tí a gbàdúrà fún gbọ́dọ̀ da oògùn rẹ̀ nù níwájú pẹpẹ láti fi hàn pé òun gbàgbọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn pé àwọn méjèèjì lè ṣiṣẹ́ pọ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn àti ní Kumasi ní Gánà, tí Lancet tẹ̀ jáde ní ọdún 2020, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́dé ń lọ bá aláìsàn nínú ọgbà àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn wòlíì. Lẹ́yìn oṣù 6, ara àwọn 307 tí wọ́n kó jọ kò yá bákan náà, àwọn tí wọ́n rí ìtọ́jú alájùmọ̀ṣe náà ló sàn jù. Ṣáájú wọn, ní ọdún 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, tí ó jẹ́ dókítà ọpọlọ, ti mú kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ìbátan wọn ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò ká ní Abẹ́òkúta, kí ó tó wá ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn. Pé ẹbí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun sí wa.

Àwọn tí ó fi oògùn òyìnbó sílẹ̀ láti mu àgbo asofẹ́yẹjẹ náà ní láti mọ̀ pé oògùn ni wọ́n ṣì ń lò. Reserpine wà nínú igi yẹn, ó sì lágbára lórí ọpọlọ, ó sì ń fa ìfúnpa wálẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà, kí ó lè mọ ohun tí ó wà nínú ara yín kí ó tó yọ tàbí fi kún un.

Mo ti mu ìgò ìkẹ́yìn tèmi tán, dókítà sì ṣì ń fún mi ní ọjọ́ láti padà wá, nítorí pé oṣù àkọ́kọ́ lẹ́yìn oògùn ni wọ́n fẹ́ fojú tó jù. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ti já tiyín sílẹ̀ kí ẹ tó ka èyí, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú dá yín dúró sílé. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ ara yín kó gbogbo ìwọ̀n ti tẹ́lẹ̀ mì padà, pàápàá bí ó bá ti pẹ́, nítorí pé àwọn oògùn kan wà tí ó yẹ kí a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n kékeré. Bí gìrì bá mú yín, bí ẹ kò bá sùn rárá fún òru bíi mélòó kan, bí ẹ bá ń gbọ́ ohùn tàbí tí ikú ń wù yín, lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹnìkan sìn yín lọ sí ilé ìwòsàn. Bí kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀, ẹ padà lọ bá ẹni tí ó kọ oògùn náà fún yín láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ mú páálí rẹ̀ dání, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ lò ó kẹ́yìn fún un.